Ajá Tí A Tì Mọ́lé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbà ajá kì í ba awọ jẹ́. Ènìyàn ni a máa ń fi òwe yìí bá wí, pàápàá àgbàlagbà tí ó bá fẹ́ ṣe ohun tí kò yẹ ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí òwe náà tó di ti ènìyàn, ara ajá ni a ti kọ́kọ́ rí i. Àwọn tí ó pa á ti bá ajá gbé pẹ́. Wọ́n mọ̀ pé ọmọ ajá a máa fi eyín wá iṣẹ́ ṣe, pé kò sí awọ tàbí bàtà tí kò lè fà ya. Wọ́n sì mọ̀ pé bí ó bá dàgbà láàrin àwọn ènìyàn, yóò jáwọ́ nínú rẹ̀. Gbólóhùn kékeré yìí, 'láàrin àwọn ènìyàn,' kò sí nínú òwe náà, nítorí pé ní ayé àwọn tí ó pa á, kò sí ẹni tí ó rò pé ajá lè dàgbà sí ibòmíràn. Òun gan-an ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò.

Ní oṣù kìíní ọdún 2022 ni a mú ọmọ ajá kan wá sílé wa. Àwọn ọmọ sọ ọ́ ní Bingo. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ẹgbẹ́ àwa olùkọ́ yunifásítì, ASUU, gùn lé ìyanṣẹ́lódì ní ọjọ́ 14 oṣù kejì. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni ó gbà; ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ni a dá a dúró. Ní gbogbo àkókò yìí, ilé ni mo wà. Bí mo bá ń kàwé, Bingo a sùn sábẹ́ tábìlì. Bí mo bá lọ sí ẹ̀yìnkùlé, a tẹ̀ lé mi. Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ padà, tí ìyàwó mi ń lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀, tí àwọn ọmọ sì ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, a bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn láàárọ̀, a ó sì ṣí i ní ìrọ̀lẹ́.

Ohun tí a ń bá nílé kò ṣeé fẹnu sọ tán. Ó jẹ bàtà aláwọ méjì. Ó fa àpò ìwé tí mo ti ń gbé láti ìgbà tí mo gboyè ọ̀mọ̀wé ya. Ó fi èékánná họ ilẹ̀kùn títí ọ̀dà ara rẹ̀ fi bó. Ó tọ̀ sórí ẹní, bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ tí ó ti mọ̀ pé ìta ni a ń tọ̀ sí. Àwọn aládùúgbò sọ fún wa pé bí mọ́tò wa bá ti kọjá géètì ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í hu, tí yóò sì máa hu títí ohùn rẹ̀ yóò fi há. Ìmọ̀ràn kò wọ́n. Ẹnì kan ní kí n so ṣéènì mọ́ ọn lọ́rùn. Ẹlòmíràn ní pàṣán ni oògùn rẹ̀. Ẹnì kẹta, tí ó jẹ́ ọ̀mọ̀wé bí tèmi, ní òun mọ ibi tí wọ́n ti ń ra ajá, kí n gba owó mi kí n sì gbàgbé rẹ̀. Gbogbo wa mọ ibi tí irú ajá bẹ́ẹ̀ ń lọ: ìkòkò ọbẹ̀ ni, ẹran tí àwọn kan ń pè ní lókílì. N kò tà á, ṣùgbọ́n mo nà án. Ojú ń tì mí bí mo ti ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí n kò bá kọ ọ́, ọ̀rọ̀ yìí kò ní pé.

Nígbà ọdún Kérésìmesì, a gbé e lọ sí Èmùré-Ilé, ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀, níbi tí àwọn ẹbí ìyá mi wà. Bàbá àgbàlagbà kan wà nínú ẹbí náà tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ọdẹ. Mo ro ẹjọ́ ajá náà fún un lẹ́sẹẹsẹ. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní:

'Ọmọ mi, bí ẹ bá jáde, ta ni ẹ ń fi í tì?'

Mo ní, 'Kò sí ẹnì kankan, Bàbá. Òun ni ó ń ṣọ́ ilé.'

Ó ní, 'Ó ń ṣọ́ ọ fún ta ni? Ilé tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀, báwo ni ajá yóò ṣe mọ̀ pé ilé ni?'

Ọjọ́ mẹ́wàá ni a lò ní Èmùré-Ilé. Bingo kò ba nǹkan kan jẹ́, kò hu, kò tọ̀ sílé. Bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ kankan níbẹ̀. Ajá kan náà ni. Ilé ni ó yàtọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó pé ohun tí à ń pè ní ìwà burúkú ajá lè má jẹ́ ọ̀rọ̀ ajá rárá. Ìtàn ilé wa ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo irú ilé tí Yorùbá ń gbé tẹ́lẹ̀. Agboolé kì í ṣe ilé ẹnì kan. Bàbá àgbà wà níbẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn aya wọn, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ sì pọ̀ lọ bẹẹrẹ. Àgbàlá ni ó so gbogbo wọn pọ̀, èyí tí àwọn ará Ọ̀wọ̀ ń pè ní ùghà. Ẹni tí ó bá ti dé ààfin Ọlọ́wọ̀ yóò ti rí bí ùghà ṣe ń bí ùghà níbẹ̀. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, bí àwọn géńdé bá lọ sí oko, arúgbó kò lọ, abiyamọ kò lọ, ẹni tí ara rẹ̀ kò yá kò lọ. Ìgbà kan kò sí tí ilé dá. Ajá tí kò bá bá olówó rẹ̀ lọ yóò sùn sẹ́bàá ẹsẹ̀ bàbá arúgbó, tàbí kí ó máa tẹ̀ lé àwọn ọmọdé kiri ojúde. Kò sí géètì tí yóò dá a dúró. Bí ilé bá sú u, yóò rìn dé agboolé kejì. Lóòótọ́, olówó kan ni ajá ní, ṣùgbọ́n alágbàtọ́ rẹ̀ pọ̀.

Oko ni ìdajì kejì ìgbé ayé rẹ̀. Àgbẹ̀ ni àwọn ará Èmùré-Ilé, bíi ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú tí ó wà láàrin Àkúrẹ́ àti Ọ̀wọ̀. Nígbà tí kòkó di iṣẹ́ pàtàkì ní ilẹ̀ Yorùbá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ọ̀pọ̀ ìdílé a máa lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ní abà kí wọ́n tó padà sílé. Wọn kì í fi ajá sílẹ̀ lọ. Òun ni ó ń ṣáájú lójú ọ̀nà, òun ni ó ń lé ọ̀kẹ́rẹ́ àti ọ̀yà kúrò nínú oko, òun ni ó sì ń kọ́kọ́ mọ̀ bí ejò bá wà nínú koríko. Tí ọdẹ tilẹ̀ tún ju ti àgbẹ̀ lọ. A máa so ṣaworo mọ́ ọrùn ajá kí ó lè mọ ibi tí ó gbà nínú igbó, a sì máa fi fèrè pè é. Èyí ni ó fà á tí a fi ń sọ pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Bí ajá bá rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ láti òwúrọ̀, oorun ni yóò máa wá bí ó bá délé. Kì í ṣe bàtà.

Àlọ́ wa pàápàá mọ ohun tí àìrí olówó ẹni ń ṣe fún ajá. Ta ni kò gbọ́ àlọ́ ọdẹ tí ó so àwọn ajá rẹ̀ mẹ́ta mọ́lé, tí ó sì dá lọ sí igbó? Ewu ká a mọ́ orí igi, ó ń fi orúkọ pe àwọn ajá náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ohùn rẹ̀ sì dé etí wọn nílé. Wọ́n já okùn, wọ́n sáré wọ igbó, wọ́n sì gbà á sílẹ̀. Láti kékeré ni a ti ń bá àwọn ajá wọ̀nyí yọ̀. Àwọn tí ó ń pa àlọ́ náà kò sì sọ fún wa rí pé ọdẹ náà padà délé, ó wá nà wọ́n nítorí okùn tí wọ́n já. Bákan náà ni àlọ́ ajá tí ó gbé ìyá rẹ̀ pamọ́ sí ọ̀run nígbà ìyàn, tí àwọn ẹranko yòókù ti pa ìyá tiwọn jẹ. Nínú gbogbo ẹranko, ajá ni àwọn baba wa yàn pé kò lè fara da kí ó má rí ẹni tirẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe sọ ayé àtijọ́ di ohun tí kò jẹ́. Ọ̀nà ajá kò fi gbogbo ara rọrùn nígbà náà. Ajá ni a fi ń bọ Ògún. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní Ilé-Ifẹ̀ nígbà ọdún Ọlọ́jọ́, bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí ní ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn. Òwe wa ni ó sọ pé ajá tí ó rí mọ́tò tí ó dúró, ó fi ara rẹ̀ bọ Ògún. Ajá tí ó bá jí ẹran nínú ìkòkò jẹ kò ní jẹ igi ọmọrogùn kù. Èyí tí ó bá ń pa adìẹ ní agboolé ẹlòmíràn lè dá ìjà sílẹ̀ láàrin ìdílé méjì. Nítorí náà, n kò sọ pé àwọn baba wa fẹ́ràn ajá jù wá lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìyà tí ó pọ̀ jù lọ lójú ajá, èyíinì ni kí a yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́, kò sí nínú àwọn ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́.

Ìgbà wo wá ni ilé dá? Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó ṣẹlẹ̀, kì í sì í ṣe ohun kan ṣoṣo ni ó fà á. Àwọn Òyìnbó amúnisìn ni ó kọ́kọ́ fi irú ilé kan hàn wá tí ó dá dúró láàrin ọgbà, tí ajá ńlá wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Jíáréè ni a ń pe àdúgbò wọn títí di òní. Ohun tí a kò fara balẹ̀ wò ni pé ajá Òyìnbó kì í dá wà. Bọ́ì wà nínú ilé, kúùkù wà nínú kíṣìnì, ẹni tí ń tọ́jú òdòdó wà nínú ọgbà. Nígbà tí àwa alákọ̀wé jogún ilé náà àti ajá náà, a kò jogún àwọn ènìyàn tí ó wà láàrin wọn.

Ẹ̀kọ́ tún dé. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè fi ojú kékeré wo oore tí ó ṣe. Òun ni ó sọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa di ẹni tí ó mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn ọmọ tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ ajá ní ojúde bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojúde sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ olówó oṣù mú bàbá lọ, ó sì mú ìyá náà lọ. Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976, ọ̀pọ̀ ará Ọ̀wọ̀ àti agbègbè rẹ̀ kó lọ sí Àkúrẹ́ láti ṣiṣẹ́ ìjọba, wọ́n sì fi àwọn arúgbó sílẹ̀ ní ilé bàbá wọn.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé tí ó parí ní ọdún 1970, ìdigunjalè di ohun tí ó ń kó jìnnìjìnnì bá ìlú. Ní ọdún náà gan-an ni ìjọba ológun ṣe òfin tí ó sọ ikú di ìjìyà adigunjalè. Ẹni tí ó lówó mọ odi yí ilé rẹ̀ ká, ó fi àfọ́kù ìgò sórí rẹ̀, ó ṣe géètì onírin, ó sì kọ ọ́ sára géètì pé kí a ṣọ́ra fún ajá. Ajá tí ó wà ní ẹ̀yìn géètì náà kì í sábà jẹ́ ajá ìbílẹ̀ mọ́. Alsatian ni, tàbí Rottweiler: ẹ̀yà tí àwọn ará Jámánì ti tọ́ láti máa bá ènìyàn ṣiṣẹ́ da ẹran láti àárọ̀ di alẹ́. A mú irú ajá bẹ́ẹ̀, a fún un ní pálọ̀ kan àti abọ́ omi kan.

Orúkọ ajá pàápàá fi ìtàn yìí hàn. Tẹ́lẹ̀, ajá wà lára ohun tí Yorùbá fi ń sọ̀rọ̀ sí ara wọn. Ẹni tí ó bá ní ohun lọ́kàn sí aládùúgbò rẹ̀ lè sọ ajá ní Tanímọ̀la tàbí Ṣebíotimọ. Bí ó bá ti ń pe ajá, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn yóò gbọ́. Àwọn tí ó ń gbọ́ ni ó mú kí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ wúlò. Nígbà tí odi ga, tí kò sí ẹni tí yóò gbọ́ mọ́, a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ajá ní Bingo àti Jack, orúkọ tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. N kò dá àwọn ọmọ mi lẹ́bi. Ta ni wọn ì bá fi Tanímọ̀la bá wí?

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú ọ̀rọ̀ yìí dé bá. Ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, níbi tí ilé ti dá ṣáájú tiwa, àwọn oníṣègùn ẹranko ti pẹ́ lórí rẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ ayàwòrán sílé, wọ́n sì rí i pé kété tí olówó ajá bá jáde ni púpọ̀ nínú ìbàjẹ́ náà ń ṣẹlẹ̀, àti pé ẹnu ọ̀nà tí ó gbà jáde àti ohun tí òórùn ara rẹ̀ wà lára rẹ̀ ni ó sábà ń fojú winá. Nígbà tí mo ka èyí, mo rántí bàtà mi àti àpò ìwé mi. Mo ti rò pé ajá náà mọ ohun tí ó wọ́n mi jù lọ ni ó fi bà á jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó súnmọ́ mi jù lọ ni ó ń wá.

Ẹ̀rí kan tún wà tí ó bá mi wí. A máa ń sọ pé ajá mọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, nítorí pé bí a bá wọlé, yóò tẹ orí ba, yóò sì ká ìrù sábẹ́ ikùn. Ní ọdún 2009, Alexandra Horowitz, onímọ̀ ìwà ajá kan ní New York, tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí ojú ẹlẹ́bi yìí jáde. Ó rí i pé ajá tí kò ṣẹ̀ a máa ṣe ojú náà bí olówó rẹ̀ bá jágbe mọ́ ọn, àti pé ìbáwí olówó ni ó ń fa ojú náà, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tí ajá dá. Ìyẹn ni pé nígbà tí mo ń na Bingo ní ìrọ̀lẹ́ nítorí ohun tí ó ṣe láàárọ̀, kò mọ ẹjọ́ tí mo ń dá. Ohun kan ṣoṣo tí ó lè rí kọ́ níbẹ̀ ni pé bí mo bá lọ, ìdààmú dé, bí mo bá sì bọ̀, pàṣán dé.

Ní ìlú Tókíyò ní orílẹ̀-èdè Japan, ajá kan wà tí a ń pè ní Hachikō. Ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì ni olówó rẹ̀, a sì máa lọ pàdé rẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà kú sẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù karùn-ún ọdún 1925. Ó tó ọdún mẹ́wàá tí ajá náà fi ń wá sí ibùdókọ̀ náà, títí òun náà fi kú ní oṣù kẹta ọdún 1935. Wọ́n ti gbẹ́ ère rẹ̀ kí ó tó kú. Gbogbo ayé ni ó ń yìn ín. Ìdúró yìí náà ni ajá tí a tì mọ́lé ń dúró. Ti Hachikō bọ́ sí gbangba, ó di ère. Ti àwọn ajá wa wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó di pàṣán.

Kí ni ṣíṣe? Ohun tí bàbá ọdẹ sọ fún mi ní Èmùré-Ilé àti ohun tí àwọn oníṣègùn ẹranko ń sọ kò jìnnà sí ara wọn. Bàbá ní kí ajá rìn kí oòrùn tó yọ, nítorí pé ajá tí kò rìn kò lè sinmi. Ó ní kí n fún un ní egungun ńlá tútù tí yóò máa họ bí mo bá ń jáde, kí iṣẹ́ wà fún eyín rẹ̀. Ó ní bí a ṣe ń já ọmọ lẹ́nu ọmú ni kí n fi ilé kọ́ ọ: kí n jáde fún ìwọ̀nba ìgbà tí ènìyàn fi ń pọn omi, kí n padà, kí n tún pẹ́ díẹ̀ sí i, láìṣe ariwo nígbà tí mo bá ń lọ tàbí nígbà tí mo bá dé. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lọ ni pé kí n wá ẹni tí yóò máa wà pẹ̀lú rẹ̀. Ìyá arúgbó kan wà ní ilé kejì sí tiwa tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní òkè òkun. A bẹ̀ ẹ́, ó gbà kí a máa fi Bingo sọ́dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀. Kò pé oṣù mẹ́ta tí híhu náà fi dáwọ́ dúró. Ìyá náà sì sọ fún mi pé ilé òun náà ti ń pa lọ́lọ́ jù.

A kò gbọdọ̀ tìtorí èyí sọ pé kí ajá máa rìn kiri bí ó ti wù ú. Títì tí ó jẹ́ òfin ìlú ńlá ní ìdí tirẹ̀. Gbogbo ajá ní ń jẹ imí, wọ́n ní èyí tí ó bá jẹ tirẹ̀ mẹ́nu ni à ń pè ní dìgbòlugi. Ṣùgbọ́n dìgbòlugi tòótọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òwe. Àrùn ni, ó sì ń pa ènìyàn. Láti ọdún 1885 tí Louis Pasteur ti kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ gba ọmọ kan lọ́wọ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ni a ti mọ bí a ṣe lè dènà rẹ̀. Kí olúkúlùkù gba abẹ́rẹ́ fún ajá rẹ̀. Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, kí a fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò náà dáadáa fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Kí a má fi ìfẹ́ ajá ṣe àìbìkítà.

Ṣùgbọ́n bí a bá bojú wẹ̀yìn, a óò rí i pé ajá kò yí padà. Ibi tí àwọn baba wa bá a ní ọjọ́ kìíní, láàrin àwọn ènìyàn, náà ni ó ṣì ń wá. Àwa ni a kó kúrò níbẹ̀, tí a sì ti í mọ́ ibi tí a fi sílẹ̀ pé kí ó máa ṣọ́ ọ. Nígbà tí mo tún lọ sí Èmùré-Ilé ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, bàbá ọdẹ náà ti darapọ̀ mọ́ àwọn baba ńlá rẹ̀. Ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ wà ní títì, àwọn ọmọ rẹ̀ ti padà sí ìlú tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ajá rẹ̀ dùbúlẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ará agboolé kejì sì ń fún un lóúnjẹ. Bingo lọ bá a, ó sì dùbúlẹ̀ tì í.